Ẹni Tí A Jọ Ń Ká Aṣọ

A ti fa aṣọ bẹ́ẹ̀dì náà le, a ti gbọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí igun kan bọ́ lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n. Mo ju tèmi náà sílẹ̀. Ẹni tó bá ń wò wá láti ọ̀ọ́kán á rò pé àwa méjèèjì la ṣe àṣìṣe.

"Má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, Àna," ni ó wí.

Mo ní kí ni mo ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igun tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni. Ọdún mọ́kànlélógún la ti jọ ń ká aṣọ ní ilé ìfọṣọ tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn. Ènìyàn méjì ló ń ká aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan. Wọ́n á fà á, wọ́n á gbọ̀n ọ́n, wọ́n á rìn pàdé ara wọn, ẹnì kan á fi igun tirẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́, á bẹ̀rẹ̀ gbé ìṣẹ́po. Ẹnì kan kò lè yá ju èkejì lọ. Bí àwọn méjì bá ń falẹ̀, ojú kò lè mọ ẹni tó ń fà á. Ohun tí mo gbójú lé nìyẹn, nítorí láti ìgbà òjò ni ìka ọwọ́ ọ̀tún Ẹ̀gbọ́n kò ti pa dé mọ́. Oṣù mẹ́rin ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ parí rẹ̀ nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wa kò gbọ́ èdè wa. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Bó bá ń kọjá, á ní "Keep up." Bí pátákó tí a ń fi àmì ka iṣẹ́ sí bá fi hàn pé àwọn kan ti "fall behind", á ní kí wọ́n "catch up" kí ọ̀sán tó pọ́n. Kò sẹ́ni tó gbọ́ "slow down" lẹ́nu rẹ̀ rí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí ẹlòmíràn ṣe ń kíni kú iṣẹ́ ni òun ṣe ń wí i. A sọ ọ́ ní Kíìpọ́ọ̀pù. Ìyá Alọṣọ, tí ayọ́ọ̀nù ńlá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ní bí òun bá kú, Kíìpọ́ọ̀pù á wá sídìí pósí wá sọ pé kí òun má fà sẹ́yìn. Nílé pàápàá, bí ìyàwó mi bá ń rọra gun àkàsọ̀ bọ̀, "Catch up" ni mo ń wí fún un. Ó ní kí n lọ fẹ́ Kíìpọ́ọ̀pù.

Ní ọjọ́ Ajé, Kíìpọ́ọ̀pù dúró níwájú pátákó. Àmì mẹ́fà la ní. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní mẹ́wàá. Ó ní ọ̀kan nínú wa ló ń fa èkejì sẹ́yìn, òun á pín wa níyà, òun á sì mọ̀ ọ́n. Ó fi mí ti Ìyá Alọṣọ. Ó fi Ẹ̀gbọ́n ti awakọ̀ tó ń kó aṣọ wá.

Ọwọ́ Ìyá Alọṣọ yá. Mo ń bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, mo ń dìde bí ẹni tó ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ṣé ẹ tiẹ̀ ti jí lónìí?"

Mo ní mo ti jí. Ó wò mí, ó wo ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ó na igun tirẹ̀ sí mi. Lọ́hùn-ún, apá awakọ̀ gùn, ó ń gba igun lọ́wọ́ Ẹ̀gbọ́n kó tó bọ́.

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, Kíìpọ́ọ̀pù wá bá mi. Ó ní láti ọ̀la, kí n máa lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń ṣa aṣọ ìdọ̀tí. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ kì í pa dà. Mo ní ó dára.

Ẹ̀gbọ́n fi aṣọ sílẹ̀, ó rìn wá. Kò fi ẹnu rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ ọ̀gá yìí rí. Ó máa ń ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń da ẹran ni. Ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ síwájú ọ̀gá, ó gbìyànjú láti pa á dé. Ọwọ́ náà dúró lágbedeméjì.

"I can't keep up," ni ó wí. Ó wá kọjú sí mi. "Sọ fún un pé ìwọ lò ń dúró dè mí."

Mo wo ilẹ̀. Ìyá Alọṣọ ló sọ fún un.

Kíìpọ́ọ̀pù wo ọwọ́ náà pẹ́. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n jókòó. Ẹ̀gbọ́n kò jókòó. Ó bọ́ épírónì rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ká a mọ́ àyà, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde. Mo sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Má sáré, Àna," ni ó wí. "Ilé ni mò ń lọ."

Mo pa dà wọlé. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó fi sílẹ̀ wà nílẹ̀, wọ́n ti ká a dé ìdajì. Mo di igun kan mú, Ìyá Alọṣọ di èkejì. Kíìpọ́ọ̀pù kọjá lára wa, kò ní "Keep up." Kò tún dárúkọ yàrá aṣọ ìdọ̀tí sí mi mọ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì, épírónì náà ṣì wà lórí tábìlì.