Okùn Tí Adétúnbọ̀ Fi Wọn Yàrá Láídé

Nígbà tí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ṣì jẹ́ tuntun, ìjì kan jà ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì ká páànù orí ilé Adétúnbọ̀ kúrò bí ẹni ká ẹní. Àwọn aládùúgbò wá bá a kẹ́dùn. Wọn ò mọ̀ pé inú ọkùnrin náà dùn díẹ̀. Ilé tí kò ní òrùlé, dandan ni kí wọ́n kó ẹrù inú rẹ̀ lọ síbòmíràn, ohun tí òun náà sì ti ń wá nìyẹn: àwáwí tí yóò fi kó ẹrù Láídé kúrò nílé, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í pé kí ló dé.

Láídé ni ìyàwó rẹ̀, tó ti kú láti ọdún tó kọjá. Ìkòkò àsè ni obìnrin náà fi ń ṣòwò. Bí ẹ bá fẹ́ sìnkú, tàbí ẹ fẹ́ sọmọ lórúkọ, láti Ìkẹ́nnẹ́ títí dé Ìlíṣàn, ọ̀dọ̀ Láídé lẹ ó ti lọ yá ìkòkò irin, agbada, omorogùn àti àwo. Ẹni tó lówó á sanwó, ẹni tí kò ní á dúpẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tí kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀: ìkòkò Láídé kì í padà wálé lófìfo. Ẹni tó bá yá a á fọ̀ ọ́ mọ́, á di iyọ̀ díẹ̀ sínú ewé, á sì fi sínú rẹ̀ kó tó gbé e padà. Àwọn olóyè pàápàá kì í gbàgbé iyọ̀ yìí, nítorí Láídé kì í tijú láti dá ìkòkò padà sọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá.

Ọkọ kì í jogún aya. Bí obìnrin bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló ni ẹrù rẹ̀. Adétúnbọ̀ mọ èyí dáadáa, ó ti bá àwọn ẹlòmíràn parí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ bá ọkọ olókùú wí. Àṣé ọ̀rọ̀ yẹn rọrùn láti sọ nílé onílé. Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n sin Láídé, ó ti yàrá ìyàwó rẹ̀ pa, ó fi àgádágodo sí i, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn. Ojúọlá, ẹ̀gbọ́n Láídé tó ń gbé ní Ìlíṣàn, ránṣẹ́ títí pé kí wọ́n dá ọjọ́ tí wọn yóò pín ẹrù náà. Lónìí, Adétúnbọ̀ á ní ibà ń ṣe òun. Lọ́la, á ní òjò ti pọ̀ jù. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó fẹ́ jẹ ogún ìyàwó, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn ún dé egungun.

Kì í ṣe ojúkòkòrò ló ń dà á láàmú o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Lójú tirẹ̀, bí Láídé ṣe to àwọn ìkòkò náà sílẹ̀ ni wọ́n ṣe wà, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára wọn, ọjọ́ tí wọ́n bá sì kó wọn fọ́nká ni obìnrin náà yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tán.

Bí páànù ṣe ṣí, ó mú okùn kan, ó ṣílẹ̀kùn yàrá náà. Ìkòkò dojú bolẹ̀ láti igun dé igun, kò sí ibi tí èèyàn lè gbẹ́sẹ̀ lé. Ó fi okùn náà wọn gígùn yàrá, ó ta á ní kókó. Ó wọn ìbú rẹ̀, ó tún ta á ní kókó. Ó ká okùn sápò, ó sì wọkọ̀ lọ sí Ṣàgámù, lọ́dọ̀ Àlùhájì Lìádì.

Oníṣòwò obì ni Lìádì. Ó ti kó obì tirẹ̀ lọ sítòsí oríta ọ̀nà tuntun, ó sì ń háyà àwọn sítọ́ọ̀ àtijọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́rù sí. Ó kọ́kọ́ ṣí èyí tó kéré fún un. Ó ní èèyàn kan ṣoṣo tó ń tún òrùlé ṣe, èyí ti tó o. Adétúnbọ̀ na okùn rẹ̀, ìdajì okùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó kan ògiri. Wọ́n ṣí èkejì, okùn tún ṣẹ́ kù. Ó wá ku ọ̀kan tó wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n máa ń to apẹ̀rẹ̀ gbàǹja sí kí ọkọ̀ tó kó wọn lọ sókè Ọya. Òórùn ewé tí wọ́n fi ń bo obì ò tíì tán níbẹ̀. Okùn náà ṣe rẹ́gí. Lìádì rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó má lọ háyà afẹ́fẹ́. Adétúnbọ̀ ní èyí gan-an ni òun ń fẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ẹrù, kò jẹ́ kí àwọn alábàárù fọwọ́ kan ìkòkò kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń gbé wọn wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń dojú wọn délẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nílé gẹ́lẹ́. Nígbà tó gbé èyí tó kẹ́yìn sílẹ̀, ilẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ ibùsùn rẹ̀, àga rẹ̀ àti àpótí aṣọ rẹ̀ ṣì wà lórí ọkọ̀. Yàrá Láídé nìkan ló wọ̀n, ó gbàgbé pé òun náà ní ẹrù. Òjò ń ṣú, awakọ̀ sì ti ń kùn.

Ibẹ̀ ni Ojúọlá bá a. Yétúndé, ọmọ tí Láídé bí fún Adétúnbọ̀, tó jẹ́ tíṣà ní Ìlíṣàn, ló sọ fún un. Bí Adétúnbọ̀ ṣe rí i, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì di ilẹ̀kùn, àgbàlagbà tó fẹ́ bá àna rẹ̀ jà níta gbangba. Ìyá náà ò jà. Ó yọjú lábẹ́ apá rẹ̀, ó wo inú ilé fún ìgbà díẹ̀.

“Bàbá Yétúndé,” ó ní, “ta ló ní kí ẹ to ìkòkò báyìí?”

Adétúnbọ̀ ní bí Láídé ṣe tò ó nìyẹn, kò sì sí ẹni tí yóò bá òun tú u.

Ojúọlá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Láídé kọ́ ló tò ó. Àwa ni. Ìkòkò yìí náà la fi se oúnjẹ ìsìnkú ẹ̀, a fọ̀ ọ́, a dojú ẹ̀ dé kó lè gbẹ. Ẹ ò lè mọ̀, ẹ ò dá ẹnikẹ́ni mọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ká tó padà wá kó o jọ, ẹ ti tilẹ̀kùn.”

Apá Adétúnbọ̀ wálẹ̀. Ojúọlá wọlé, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìkòkò bọnú ìkòkò, kékeré nínú ńlá, agbada nínú agbada, àwo lórí àwo, bí àwọn obìnrin ṣe máa ń ṣe láti ayébáyé. Ìpẹtà ń bọ́ sílẹ̀ lára irin náà. Kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi wọ igun kan, tí ilẹ̀ sítọ́ọ̀ sì ṣófo gbayawu.

Adétúnbọ̀ wo igun náà, kò lè mójú kúrò. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?”

“Òun náà ni. Ilé àwọn èèyàn ni wọ́n máa ń wà nígbà ayé ẹ̀. Ẹ ò rí wọn kó jọ sójú kan rí kó tó kú.”

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Adétúnbọ̀ ti sunkún láti ọdún tó kọjá láìríran. Ó jókòó sórí ilẹ̀ níwájú alábàárù àti awakọ̀, ó sunkún, ojú ò sì tì í. Lẹ́yìn náà ló yọ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn, ó nà án sí Ojúọlá. Sítọ́ọ̀ kékeré àkọ́kọ́ ni wọ́n kó ẹrù tirẹ̀ sí, ó sì gbà á.

Wọ́n pín ìkòkò Láídé nílé Ojúọlá. Yétúndé mú tirẹ̀, àwọn ọmọ ìyá Láídé mú tiwọn, àwọn kan lára wọn sì ṣèlérí pé àwọn á máa yá aráàlú bí Láídé ti ń ṣe. Adétúnbọ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò bèèrè ohun kankan. Ìgbà tí gbogbo ènìyàn dìde ni Ojúọlá gbé ìkòkò kékeré kan síwájú rẹ̀.

“Ọkọ kì í jogún aya, mi ò sì ní tìtorí yín ba àṣà jẹ́. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí Láídé ò yá níkòkò rí. Ẹ̀yin náà, ẹ yá a.”

Ó bi í pé títí dìgbà wo.

“Títí dìgbà tí ẹ ò bá ní lò ó mọ́. Ẹ mọ òfin ẹ̀.”

Adétúnbọ̀ mú okùn tó fi wọn yàrá jáde nínú àpò, ó fi so ìdérí mọ́ ìkòkò náà, ó sì gbé e wọkọ̀ lọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Nígbà tí wọ́n kan páànù tuntun tán, tí ó kó ẹrù rẹ̀ padà wálé, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ìkòkò náà se ẹ̀kọ ní òwúrọ̀. Ẹ̀kọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, Yétúndé kì í sì í purọ́ fún un nípa rẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, àìsàn dá a dùbúlẹ̀. Ó ní kí Yétúndé já ewé wá, kí ó bu iyọ̀ wá. Ó pẹ́ kí ó tó dì í tán, kò sì jẹ́ kí ọmọ náà ràn án lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, Yétúndé gbé ìkòkò náà lọ sí Ìlíṣàn. Ojúọlá ti darúgbó, ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Ó tú okùn, ó fọwọ́ wá inú ìkòkò, ó bá ewé náà níbẹ̀. Ó wá fọwọ́ pa ìta ìdí rẹ̀: kò dípẹtà, èédú iná ojoojúmọ́ ti ki mọ́ ọn. Ó tọ́ iyọ̀ náà wò, ó ní ó ti pé, ó sì gbé ìkòkò àbúrò rẹ̀ wọlé.