Iye Ẹ́ńjìnnì Rájí

Inú máa ń bí mi tí ènìyàn bá pe ẹ́ńjìnnì tó ti gbó ní àlòkù irin. Tí wọ́n bá gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi wá bá mi ní Kábálà pé kí n díye lé e, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ máa ń yọ. Màá fi àtàǹpàkò dí ojú ihò rẹ̀, màá wá fi ọwọ́ kejì yí àgbá irin orí rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ti àtàǹpàkò mi kúrò, ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tì í, kí wọ́n máa gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ. Lẹ́yìn náà ni màá wo idẹ táńkì rẹ̀, màá sì wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, nítorí nọ́ńbà náà ló ń sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí létí odò Kàdúná. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dá iye tí kò tọ́, n ò sì lè pe ìyẹn ní àṣìṣe.

Ẹ́ńjìnnì Rájí ni. Ọmọ Ìlọrin bíi tèmi ni Rájí, mo fi ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, àmọ́ ọ̀rẹ́ ni wá. Ó máa ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àwọn tó ń wa yanrìn àti àwọn tó ń lọ sóko kọjá odò. Oyìnbó kan tí Rájí bá ṣiṣẹ́ rí ló fi ẹ́ńjìnnì náà ta á lọ́rẹ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ọdún 1926 ni wọ́n ṣe é, nígbà tí Rájí fúnra rẹ̀ ṣì ń rá kòrò. Ó ní ọwọ́ igi kékeré kan lórí tí a fi ń yí i, tó bá sì jí tí o kò tètè gbọ́wọ́ kúrò, á gbá ọ níka dáadáa.

Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa Rájí nínú ọyẹ́ ọdún 1958. Ó fi ìyàwó rẹ̀ Ṣẹ̀fíátù sílẹ̀, àti Amudat, ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Àbúrò rẹ̀ Abdulganiyu, tó ń hun òfì ní Ìlọrin, wá bá wa ṣe àdúà ogójì ọjọ́. Àfáà Jàmàlúdéènì wá ní lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí a pín ogún.

Àwa ará Ìlọrin tí a wà ní Kàdúná ní bí a ṣe ń ṣe é. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ohun kan ni a ń pè pé kó díye lé e. Á pe Bisimilai, á gbé ọwọ́ ọ̀tún lé nǹkan náà, á sì dá iye rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnikẹ́ni kì í ná an. Ẹni tó bá fẹ́ nǹkan náà nínú àwọn ajogún, iye yẹn ni wọn yóò yọ nínú ìpín rẹ̀. Èmi Sálámì ni wọ́n máa ń pè sí ohun tó bá ti jẹ mọ́ irin.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, mo lọ kí Ṣẹ̀fíátù nínú opó tó wà. Ó sọ fún mi pé Abdulganiyu fẹ́ kí òun kó padà sílé ẹbí ní Ìlọrin tí òun bá jáde opó. Kò kórìíra ẹbí ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ni wọ́n sin ìyá rẹ̀ sí. Ará Núpé kan tó ń bá Rájí wa ọkọ̀ ti sọ pé òun á máa háyà ẹ́ńjìnnì náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ẹ́ńjìnnì bá dúró, òun àti ọmọ á lè dúró. Kò bẹ̀ mí ní ohunkóhun, ó kàn ń sọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni.

Èmi ni mo gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn délé. Oyìnbó kan tó ń kó irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ bẹ́ẹ̀ jọ ti dá pọ́n-ùn méjìdínlógún lé e léṣìí, níṣojú mi. Ó ní wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Rájí rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tà. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ni ti ìyàwó, kò sì lè ká pọ́n-ùn méjìdínlógún láé. Ṣùgbọ́n tí mo bá pe ẹ́ńjìnnì náà ní pọ́n-ùn mẹ́ta, ìpín Ṣẹ̀fíátù á ká a gẹ́lẹ́. Mo ní haba, kí ni ìyẹn máa dín lára Abdulganiyu tó ní ilé tó tún ní òfì? Mo sùn dáadáa lóru yẹn, mo rò pé mo gbọ́n.

Lọ́jọ́ Àìkú, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé Rájí. Ṣẹ̀fíátù wà nínú yàrá, lẹ́yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà. Mo díye lé kẹ̀kẹ́, mo díye lé maṣíìnì ìránṣọ, ọkọ̀ àti àwọn irinṣẹ́, mo sì dá iye wọn bó ṣe yẹ. Ẹ́ńjìnnì ló kẹ́yìn. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo fi àtàǹpàkò dí i, mo yí i. Afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ọwọ́ mi sọnù. Mo fajú ro, mo mi orí, mo pe Bisimilai, mo ní pọ́n-ùn mẹ́ta. Bisimilai yẹn korò lẹ́nu mi.

Kí Àfáà tó bi Ṣẹ̀fíátù bóyá ó fẹ́ ẹ, Abdulganiyu ti nawọ́ sókè. Ó ní òun ò mọ̀ pé kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ó ti ń wu òun láti mú ohun tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun ti lò lọ sílé, àna òun tó ń pẹja ní Jẹ́bà á sì rí i lò. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe ojúkòkòrò. Ẹnu mi ni mo fi ta ẹ́ńjìnnì Ṣẹ̀fíátù lọ́pọ̀, a kì í sì í dá iye lẹ́ẹ̀mejì.

Aṣọ ẹnu ọ̀nà mì díẹ̀.

“Àfáà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀,” ni Ṣẹ̀fíátù wí. “Pọ́n-ùn méjìdínlógún ni oyìnbó dá lé e léṣìí. Ẹ̀gbọ́n Sálámì wà níbẹ̀, èmi ni mo gbé omi fún wọn mu. Mo mọ̀ pé nítorí mi ni wọ́n ṣe ṣe é, Ọlọ́run á san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí bàbá Amudat fi sílẹ̀, ti Amudat ni. Ìdajì ohun tí wọ́n gé kúrò yẹn, ara ọmọ òrukàn ni wọ́n ti gé e.”

Mo ti ka ìyàwó, mo ti ka àbúrò, n ò ka ọmọ. Ó dùn mí dé egungun.

Àfáà wò mí. “Sálámì, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Àfáà.”

Kò bá mi wí. Ó ṣírò lórí ìka rẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ méjìdínlógún ni, gbogbo ogún yóò jẹ́ ogójì pọ́n-ùn. Ogún pọ́n-ùn ni ti Amudat, ẹ́ńjìnnì á wọ inú rẹ̀, á sì ku pọ́n-ùn méjì. Ìyá rẹ̀ á máa bá a tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dàgbà, ará Núpé á sì máa háyà rẹ̀. Abdulganiyu ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí, kí wọ́n fún ọmọ ẹ̀gbọ́n òun. Ohun tí mo fẹ́ fi irọ́ ṣe, òótọ́ ni ì bá bá mi ṣe é láìlàágùn.

Ṣùgbọ́n Àfáà ní òun kò ní kọ ohunkóhun sílẹ̀ ná, nítorí iye tí irọ́ bá ti wọ̀, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ tún un dá. Ó ránṣẹ́ pe Àúdù tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní ìkòríta. Àúdù wá, ó nu gírísì ọwọ́ rẹ̀, ó pe Bisimilai, ó sì gbé ọwọ́ lé gbogbo ohun yòókù tí mo ti díye lé láàárọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan: kẹ̀kẹ́, maṣíìnì, ọkọ̀, irinṣẹ́. Iye tí mo dá ni òun náà ń dá, kò fi ṣílè kan yàtọ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń gbọ́. Tirẹ̀ ni Àfáà kọ sílẹ̀.