Ẹgbàajì Ebè

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Olóko Ńlá ṣe yẹ̀yẹ́ obìnrin yìí, Ìyá Ọlọ́dùnkún ni wọ́n ń pè é. Opó ni. Oko kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ ló ń dá. Lọ́dún yẹn, ọ̀dùnkún pọ̀ débi pé iye tó bá wu àwọn alájàpá ni wọ́n ń rà á. Ìjọba wá ní àwọn yóò fi owó ìrànwọ́ kún un fún àgbẹ̀ kéékèèké, ìyẹn àwọn tí oko wọn kò ju éékà márùn-ún lọ. Ara Ìyá yá gágá, nítorí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ti sọ ọ́ láìfi bò pé bí oko náà kò bá mérè wá lọ́dún yìí, òun yóò gbà á, òun yóò fi gbin igi gẹdú.

Àfi bí wọ́n ṣe lẹ orúkọ àwọn tí yóò gba owó, tí tirẹ̀ àti ti ọ̀pọ̀ aládùúgbò rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ó gba ọ́fíìsì wọn lọ.

“Ẹ má bínú, Ìyá,” akọ̀wé wí, ó yí ìwé sí i. “Àgbẹ̀ ńlá ni yín. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin éékà lẹ ní.”

Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé akọ̀wé kò rẹ́rìn-ín, ó tẹjú mọ́ ìwé náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀, akọ̀wé bi í pé báwo ni oko rẹ̀ ṣe tó, ó sì fi ìyangàn dáhùn pé ẹgbàajì, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo ebè náà. Akọ̀wé tí kò kọ ebè rí láyé kọ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin éékà sí i. Ẹ ò rí ayé?

“Ebè ni mo kà fún ẹ, ọmọ mi.”

“Ohun tó wà nínú ìwé ni ìjọba mọ̀, Ìyá. Àfi kí ọ̀gá mi fojú ara wọn rí i.”

Ọ̀rọ̀ náà délé ṣáájú rẹ̀. “Olóko Ńlá, ẹ ta wá lọ́rẹ ẹgbẹ̀rún éékà kan!” Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n igi gẹdú ló wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni ọ̀gá náà dé, obìnrin kan tó wọ bàtà òjò, okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyá tẹ̀lé wọn lọ sóko, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tó ti gbin igi rẹ̀ tán. Ọ̀gá fa okùn. Éékà kan ni, kò lé, kò dín. Ó ní kí àwọn ka ebè náà wàyí. Wọ́n kà á láti ìlà dé ìlà títí oòrùn fi mú.

“Ó dín mẹ́ta, Ìyá.”

“Àgbàrá ló wó mẹ́ta lóṣù tó kọjá. Ẹ wo ojú ibẹ̀.”

Ọ̀gá wo ojú ibẹ̀, ó rí ibi tí àgbàrá gbà. Ó wá béèrè pé, “Ta ló tún sọ iye ebè fún akọ̀wé wa?”

“Gbogbo wa ni. Ta ló ń ka éékà níbí?”

Ọ̀gá fa ìlà sórí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ó kọ éékà kan, ó bu ọwọ́ lù ú. “Owó yín á jáde. Tàwọn yòókù náà á jáde.”

Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé Ìyá nílẹ̀. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi bẹ igi gẹdú kó ṣì ní sùúrù.” Ọkùnrin náà fẹ́ fajú ro, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, akọ̀wé kan náà ló jókòó sídìí tábìlì. Ìwé tuntun ló wà níwájú rẹ̀, wọ́n ti fi àyè kan kún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti éékà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá. Ebè mélòó?”

“Ẹgbàajì géérégé,” Ìyá wí. “Mo ti tún mẹ́ta yẹn kọ.”