Ẹni Tí Yóò Gbaṣẹ́ Lọ́wọ́ Rájí

Kí n má purọ́, mi ò fẹ́ Àbídèmí kejì. Ọ̀kan ti tó mi. Nígbà tí mo bí ti àkọ́kọ́, orí omi ni Rájí ọkọ mi wà ní apá Warri, níbi tí wọ́n ti ń da sìmẹ́ǹtì yí páìpù ká nínú kànga epo. Ọmọ ti ń rẹ́rìn-ín kí bàbá ẹ̀ tó rí i.

Oyún kejì yìí, ó ṣèlérí pé òun á wà nílé. Ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ pé, mo se ẹja, mo tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò rí i. Òfin ibi iṣẹ́ wọn ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kúrò lórí omi tí ẹni tó máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ò bá tíì dé. Sámúẹ́lì ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ tèmi, Sámúẹ́lì ò sì dé. Mo bú u débi pé ìyá ọkọ mi ní kí n fún ẹnu nísinmi.

Nígbà tí ikùn mi sọ̀ kalẹ̀ tán, mo wọ́ ara mi láti Ìtà Fájì dé Obáléndé, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn n'Íkòyí. Ọ̀gbẹ́ni Adéyẹmí, tó ń tọ́jú rédíò tí wọ́n fi ń bá àwọn tó wà lórí omi sọ̀rọ̀, bá mi pe Rájí.

"Ẹ tẹ bọ́tìnnì yìí tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀ kẹ́ ẹ lè gbọ́ tiwọn. Gbogbo àwọn tó wà lórí omi ló ń gbọ́ o."

Kí wọ́n gbọ́. Mo tẹ̀ ẹ́.

"Bàbá Àbídèmí, àárò yín ń sọ mí. Ọmọ ti fẹ́ dé. Ṣé Sámúẹ́lì kú ni?"

Ohùn ẹ̀ dé. "Ganiat, oyún ń yọ ìyàwó ẹ̀ lẹ́nu láti ìjọ́sí, ó ti ń rọbí báyìí ní Warri. Àkọ́bí wọn ni. Èmi ni mo ní kó dúró tì í."

Inú bí mi. Ó ń ṣàánú ará Warri, èmi ìyàwó ẹ̀ ń gbé ikùn kiri Obáléndé! Kí n tó tẹ bọ́tìnnì, ó tún sọ̀rọ̀.

"Ọjọ́ tí wọ́n sọ lórí rédíò pé o ti bí Àbídèmí, sìmẹ́ǹtì ń lọ lọ́wọ́, mi ò lè fi í sílẹ̀ kó gan. Mò ń ṣiṣẹ́, mò ń sunkún. Mi ò fẹ́ kójú ẹlòmíì rí i."

Kò sọ ọ́ fún mi rí. Gbogbo èébú tí mo kó wá tán lẹ́nu mi, àárò ẹ̀ wá sọ mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ọmọ inú mi ò ní dúró dè é.

Mo tẹ bọ́tìnnì. "Ẹ bá mi sọ fún ìyàwó Sámúẹ́lì, kó di ọwọ́ ọkọ ẹ̀ mú dáadáa."

Mo tú u sílẹ̀ kíá, kó má baà gbọ́ ẹkún mi.