Ìkólòlò Agya Sarpong

Ọjọ́rú ni Kwasi wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gé fídíò ní Bantama, tó gbé fóònù ka orí tábìlì. Bàbá rẹ̀, Agya Sarpong tó ń lẹ táyà ní Suame, ló kú. Wọn yóò sin ín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Fídíò kan wà nínú fóònù náà, níbi tí bàbá ti ń sọ ìtàn ayé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá gbáko. Wọ́n fẹ́ fi han àwọn àlejò níbi ìsìnkú.

“Àǹtí Birago, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ ìkólòlò yẹn kúrò. Gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ti fi bàbá mi ṣe yẹ̀yẹ́ tó nígbà ayé rẹ̀.”

Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Láti ìgbà tí ọrùn ọwọ́ ti ń dùn mí ni mo ti pa máòsì tì. Bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà ni mo fi ń gé fídíò. Mo fi L sáré síwájú, mo fi K dúró, mo fi J padà sẹ́yìn. Níbi tí ìkólòlò bá ti bẹ̀rẹ̀, màá là á sí méjì. Bí mo bá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti jáde ní odidi, màá tẹ Q: gbogbo ohun tó wà láàárín á pòórá, ọ̀rọ̀ tó kù á sì sún wá lẹ̀ mọ́ ti ìṣáájú. Nígbà tó fi di ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti di mẹ́fà. Bàbá ń sọ̀rọ̀ geere bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Inú mi dùn sí ara mi.

Láàárọ̀ Ẹtì, ìyàwó olóògbé, Maame Dufie, ìyá Kwasi, wọlé nínú aṣọ dúdú. Ó ní òun fẹ́ rí ọkọ òun kí ayé tó rí i. Mo fún un ní àga, mo sì fi fídíò náà hàn án. Kò sunkún. Nígbà tó parí, ó yíjú sí mi.

“Ta nìyẹn?”

“Agya ni, Maame.”

“Irọ́ ni. Ojú rẹ̀ nìyẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ta lo gbé sí i?”

Mo ṣàlàyé ohun tí Kwasi ní kí n ṣe. Ó pàtẹ́wọ́ tìyanu-tìyanu.

“Gbọ́, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tó wá tọrọ mi, ‘Du-Du-Du’ ló ń wí níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Wọ́n ní kó máa lọ sílé, kó padà wá nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá gbà. Kò lọ. Ó dúró títí òógùn fi rin aṣọ rẹ̀, títí ó fi pe orúkọ mi tán. Ọdún méjìlélógójì, kò pè mí rí kí n má dúró dè é. Ibi tó o gé dànù yẹn, ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró.”

Ojú tì mí. Mo rò pé mo ń bo egbò ni. A dúpẹ́ pé ohun tí a bá gé nínú kọ̀ǹpútà kì í tètè sọnù. Mo ṣí ojúlówó fídíò náà, mo sì pe Kwasi.

Ó dé pẹ̀lú ìbínú. “Maame, wọ́n á rẹ́rìn-ín!”

“Kí wọ́n rín! Èmi náà rín lọ́jọ́ náà, mo sì fẹ́ ẹ.”

Mo jẹ́ kí fídíò náà máa lọ. Nígbà tí bàbá dé orí ọjọ́ tí wọ́n bí Kwasi, tó ń wí pé “Kwa-Kwa-Kwasi,” ọ̀dọ́mọkùnrin náà jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bojú, ó sì sunkún bí ọmọdé. Èmi àti ìyá rẹ̀ ń wò ó.

Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni mo gé, níbi tí fóònù ti ń gbọ̀n, àti ìparí, níbi tí bàbá ti ń wá bọ́tìnnì tí yóò fi pa á.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, bí fídíò náà ṣe ń lọ níbi ìsìnkú, àwọn ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn lóòótọ́. Kwasi dìde fùú láti kojú wọn. Ìyá rẹ̀ fa etí aṣọ rẹ̀.

“Jókòó,” ó ní. “Bàbá ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ tán.”