Àpẹẹrẹ Ẹnu Ọ̀nà

Kẹ́!

Bí eegun ewé tábà ti máa ń dún nìyẹn nínú ahéré tí wọ́n fi ń sá ewé lóko Ìlérò, nígbà tí Ládépọ̀ ṣì kéré. Ọláníyan, bàbá rẹ̀, a na ọwọ́ sí ọ̀pá tí wọ́n so ewé rọ̀ sí, a mú ọ̀kan, a ṣẹ́ ẹ lẹ́bàá etí. Bó bá dún kẹ́, wọ́n á sọ ewé kalẹ̀. Bó bá tẹ̀ láìdún, bàbá á mi orí, á ti ilẹ̀kùn ahéré padà, á ní, "Irọ́ ló ń pa. Ó ṣì ń mumi."

Ládépọ̀ ti pẹ́ nílùú òyìnbó. Yìnyín ti bọ́ sórí irun rẹ̀, kò sì yọ́ mọ́. Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, nínú ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Woodbridge, lẹ́bàá Toronto ní Kánádà, ó mú ẹ̀ka igbó kan, igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá, ó gbé e sẹ́bàá etí, ó tẹ̀ ẹ́, ó ń dúró de ohùn yẹn. Ẹ̀ka náà wọ́ bí okùn tí òjò pa. Kò dún rárá.

Ó ya òdòdó rẹ̀ sí méjì. Inú rẹ̀ funfun bí òwú, ó sì ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká sínú àpótí nígbà tí kò tíì gbẹ.

"Olúwa mi o," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ya òmíràn. Ó ya òmíràn. Funfun náà ni.

Fóònù rẹ̀ gbọ̀n lápò. Ameen ni, ọmọ Ìlọrin tó ń bá ilé iṣẹ́ kan ní Oakville ra igbó tí wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn. Ó kọ ọ́ pé: "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọkọ̀ wa ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́sàn-án yìí. Ìwé àyẹ̀wò yín mọ́ tónítóní. A ti sọ fún àwọn ènìyàn wa pé tiyín wà lọ́nà."

Ládépọ̀ wo fóònù náà títí iná ojú rẹ̀ fi kú.

Ẹ má fi ojú ilé wo ọ̀rọ̀ igbó lọ́dọ̀ wọn o. Ní Kánádà, ìjọba ti fọwọ́ sí i, ìwé àṣẹ Ládépọ̀ sì wà lára ògiri nínú gíláàsì, bí àwòrán ìgbéyàwó. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi bá àwọn kan gbin òdòdó ọ̀ṣọ́ nínú ilé gíláàsì kí òfin tó yí padà. Fọlá ọmọ rẹ̀ obìnrin ló sọ fún un pé, "Dad, ewé lẹ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa." Wọ́n gba yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé àwọn mẹkáníìkì ní Weston. Yàrá náà kéré débi pé ẹni tó bá fẹ́ yí padà ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ igi. Ládépọ̀ mọ igi kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Ó ń kí wọn láàárọ̀. Ewé tó jáde níbẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí Ameen fi ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fẹ̀ ẹ́."

Wọ́n fẹ̀ ẹ́, wọ́n kó lọ sí ilé ìkẹ́rùsí Woodbridge yìí. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ládépọ̀ rò pé yàrá ńlá kò ju yàrá kékeré tí a so pọ̀ mọ́ra lọ. Ó bù sí igi, ó bù sí iná, ó bù sí omi. Afẹ́fẹ́ nìkan ni kò bù sí. Ní Weston, tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn wọlé tí wọ́n ń ṣí i jáde látàárọ̀ dalẹ́, yàrá ń mí fúnra rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ilẹ̀kùn ló ń ṣiṣẹ́. Ní Woodbridge, bí o bá ti ilẹ̀kùn, inú ibẹ̀ a dákẹ́ bí inú ìkòkò. Èyí tó wà lórí okùn kò tíì gbẹ, èyí tó wà nílẹ̀ ti gbó, ó ń retí àyè. Ni Ládépọ̀ bá ní kí wọ́n so wọ́n mọ́ra wọn, kí gbogbo rẹ̀ lè gbà.

Ẹsẹ̀ ń bọ̀. Ìdẹ̀raolúwa ni, obìnrin tó kàwé nípa ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn kó tó kó ọkọ àti ọmọ wá sí Toronto. Òun ló ń ṣe olórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ ti tètè dé."

"Ìdẹ̀ra, wá wo nǹkan."

Ó wá. Ó wo òdòdó tó ya sí méjì lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀.

"Ojú rẹ kò yí padà," ni Ládépọ̀ wí.

"Sà?"

"Mo ní ojú rẹ kò yí padà. O ti mọ̀."

Ìdẹ̀raolúwa bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ìka kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má bínú sà. Mo sọ fún yín lọ́jọ́ yẹn sà."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní yàrá yìí ń làágùn, sà."

Ládépọ̀ rántí. Òótọ́ ni. Wọ́n jókòó, wọ́n ń jẹun ọ̀sán, ó sì sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń ṣàwàdà: "Sà, láàárọ̀, kí iná tó tàn, ó dà bíi pé ògiri wa ń làágùn o." Òun náà sì dáhùn pé, "Jẹ́ kó làágùn. Èmi náà ń làágùn, ta ló ti gbé fáànù wá fún mi?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìdẹ̀raolúwa náà rẹ́rìn-ín. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Obìnrin yìí sọ ààbọ̀ tirẹ̀. Inú Ládépọ̀ ni kò ti di odidi.

"Kí ló dé tí o kò tún un sọ?"

"Sà, ẹ̀ẹ̀kejì á ti dà bí àríyànjiyàn."

Fọlá wọlé, kọfí lọ́wọ́ kan, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ kejì. Toronto ni wọ́n ti bí i. Ó gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣùgbọ́n òyìnbó ló máa ń kọ́kọ́ dé ẹnu rẹ̀.

"Good morning, my people! Dad, kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ dà bí ẹni tó pàdánù nǹkan."

Ládépọ̀ na òdòdó náà sí i. Fọlá wò ó, ó sì gbé kọfí kalẹ̀.

"No. No, no, no. Dad, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. The paper is clean."

"Ìwé mọ́, Fọlá. Èyí tó wà lórí okùn ni kò mọ́."

"Báwo ló ṣe máa jẹ́ bẹ́ẹ̀? Ibo lẹ ti mú sample?"

Ojú Ládépọ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí fáànù ńlá kan ṣoṣo tó wà ti ń fẹ́, tí òdòdó sì gbẹ dáadáa lórí okùn, tó lẹ́wà, tó ń ta sánsán. Nígbà tí wọ́n ní kí ó mú díẹ̀ wá fún àyẹ̀wò, ó ṣe é bí wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré. Ta ló ń bu ọrùn adìẹ fún àlejò nígbà tí itan wà nínú ìkòkò? Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ṣà èyí tó dára jù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún wọn. Kò pè é ní ẹ̀tàn nígbà náà. Ọ̀wọ̀ ló pè é.

"Ẹnu ọ̀nà," ló wí nígbẹ̀yìn.

Fọlá di orí mú. "Daddy! Àyẹ̀wò kì í ṣe àlejò!"

"Mo ti mọ̀ báyìí."

"Okay. Okay. Ká gé èyí tó bà jẹ́ dànù. Ká di èyí tó kù. Ọkọ̀ ò tíì dé. Ìdẹ̀ra, ṣé a lè ṣe é?"

Ìdẹ̀raolúwa ń wo ilẹ̀. "Bí Bàbá bá ti ní ká ṣe é, a máa ṣe é."

"Kò bi ọ́ bóyá o máa ṣe é," ni Ládépọ̀ wí. "Ó bi ọ́ bóyá ó ṣeé ṣe. Gbàgbé pé mo dàgbà jù ọ́ lọ. Má pè mí ní sà. Dá a lóhùn."

Fáànù ẹnu ọ̀nà ń ké. Obìnrin náà gbé orí sókè.

"Kò ṣeé ṣe. Èyí tí ojú rí la lè gé. Èyí tí ojú ò rí ti wọ inú ìyókù. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fà á símú kó kàn wúkọ́. Aláìsàn ńkọ́? Gbogbo ààrin yàrá yìí ló ti bu. Àwọn tó ń gbó lọ́wọ́ níyàrá kejì, bí a bá so wọ́n bí a ṣe so ìwọ̀nyí, wọ́n máa bu." Ó mí kanlẹ̀ bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀. "Sà."

"So kí ló dé tí o ò sọ ọ́ straight látijọ́?" Fọlá ti ń pariwo.

"Àǹtí Fọlá, ẹ̀yin lè sọ fún wọn pé 'Dad, you're wrong', kí ẹ sì jọ jẹun alẹ́. Bí èmi bá sọ ọ́, ìyá mi á gbọ́ ọ lójú oorun n'Íbàdàn, á sì pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́."

Ó pa Fọlá lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́ tó fi di omijé. "Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí yàrá yìí, Daddy. Ọ́fíìsì mi, gbogbo rẹ̀. Tí a bá já Ameen kulẹ̀, á lọ ra ti ẹlòmíì. A máa padà sí ẹ̀yìn ilé mẹkáníìkì."

"Bóyá a máa padà síbẹ̀."

"Bóyá? Ṣé ẹ gbọ́ ara yín?"

Ó jáde lọ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀. Ládépọ̀ rí i láti ojú fèrèsé, ó gbé orí lé ọwọ́ ìtukọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé àgbà kì í bẹ̀rù. Ohun tó ń ba Ládépọ̀ lẹ́rù jù ni bí ọ̀rọ̀ náà ti rọrùn tó. Ìwé wà. Ìwé mọ́. Èyí tó dára lè wà lókè àpótí, kí ìyókù wà nísàlẹ̀. Ta ni yóò yẹ inú rẹ̀ wò? Ó mú fóònù, ó kọ ọ́ pé, "Ameen, kí ọkọ̀ máa bọ̀." Ìka rẹ̀ dúró lókè ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kó lọ.

Ohùn Àlájà Sìlífátù ló sọ sí i lọ́kàn. Inú ilé gíga kan náà ni wọ́n jọ ń gbé ní Weston. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú jẹjẹrẹ rẹ̀ ni oúnjẹ ti ń kọ̀ ọ́ lẹ́nu. Igbó tí dókítà kọ fún un ló ń jẹ́ kó rí nǹkan jẹ, ọ̀dọ̀ àwọn Ameen ló sì ti ń gbà á. "Ládépọ̀, ewébẹ̀ rẹ yẹn ló jẹ́ kí n jẹ mọ́ínmọ́ín lánàá," a máa wí. "Ṣùgbọ́n bí o bá sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí pé Àlájà ń mu igbó, màá ní ìwọ lo kọ́ mi!" Láàárọ̀ yìí gan-an, nínú ẹ̀rọ tó ń gbé wọn sọ̀ kalẹ̀, ó ti bi í léèrè pé, "Ìgbà wo ni tuntun ń bọ̀?" Ọrùn rẹ̀ ti tín-ín-rín nínú gèlè. Ládépọ̀ sì ti dáhùn pé, "Ó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Àlájà. Ẹ máa gbé àwo yín sílẹ̀ dè é."

Ó pa ohun tó kọ rẹ́.

Fóònù gbọ̀n. Ameen: "Awakọ̀ ti gbéra o, Bàbá."

Ó tún un kọ. Ó pa á rẹ́. Ó tún un kọ. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò ṣe rí: ó na fóònù sí Ìdẹ̀raolúwa. "Bá mi kà á. Wò ó bóyá ó dára."

Obìnrin náà kà á. Ládépọ̀ ti kọ ọ́ pé ewé kò tíì gbẹ, kí Ameen fún àwọn láyè díẹ̀ sí i. Ìdẹ̀raolúwa kà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Kò dára, sà."

"Ẹ̀n-ẹ́n?"

"Kì í ṣe pé kò gbẹ. Ó ti bu. Ẹ ò sì sọ ibi tí ẹ ti ṣà á."

Ládépọ̀ wò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, ó sì dà bí àríyànjiyàn lóòótọ́. Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó wá ìjókòó lórí àpótí tó ṣófo, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ìka kan bí àgbà ti ń tẹ̀ ẹ́. Fọlá ti wọlé padà láìjẹ́ kí wọ́n mọ̀, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà bí ó ti ń jáde. Kò ní kó dúró. Ó kàn na ọwọ́, ó tún àmì kan ṣe.

Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ameen ọmọ mi, dá ọkọ̀ padà. Èyí tí wọ́n yẹ̀ wò, ẹnu ọ̀nà ni mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣà á, torí ibẹ̀ ló dára jù. Ààrin yàrá ti bu. Má jẹ́ kí aláìsàn kankan fẹnu kàn án. Ìdẹ̀raolúwa ti sọ fún mi tipẹ́, n kò gbọ́. Láti òní lọ, òun ni yóò máa ṣà á. Bá mi sọ fún Àlájà Sìlífátù kó má retí tuntun lọ́sẹ̀ yìí. Rárá, fi í sílẹ̀, màá sọ fún un fúnra mi."