Ẹni Kejìlá

Èmi nìkan ni mò ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ilé ìwòsàn wa. Tẹ́lẹ̀, àwa mẹ́ta ni. Ọ̀kan gba iṣẹ́ síbòmíràn, èkejì gbéyàwó, ó sì kó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Èmi wá ṣẹ́ kù pẹ̀lú tábìlì mẹ́ta àti àga mẹ́ta nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Mo máa ń pààrọ̀ àga láàárọ̀, kí ọ̀kankan nínú wọn má bàa rò pé mo ti gbàgbé òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti ṣe yín rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.

Ètò tó ń tẹ lébẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ ni mò ń bójú tó. Bí aláìsàn bá dé, wọn á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ètò mi á tẹ lébẹ́ẹ̀lì, wọn á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, ẹ̀jẹ̀ lágbájá kò sì ní di ẹ̀jẹ̀ tàmẹ̀dò. Ọdún mọ́kàndínlógún rèé tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Síbẹ̀, nínú gbogbo ilé ìwòsàn náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tí mò ń ṣe gan-an. Ìyá Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pè mí, ohun tó sì máa ń gbé wọn wá sọ́dọ̀ mi ni pé pépà ti há sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ jọ̀ọ́, pírìntà wa tún ti ń ṣe wèrè.”

“Ṣé ẹ ti pa á, kí ẹ tún un tàn?”

“Áà! Kò wá sí wa lọ́kàn o. Orí yín pé!”

Ìyìn tí mò ń gbà nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, mo rí àṣìṣe kan tó ti fara pamọ́ sínú ètò náà fún ọdún méje, àṣìṣe tó lè mú kí wọ́n gbé èsì ẹlòmíràn fún aláìsàn. Mo tún un ṣe. Inú mi dùn débi pé mo dìde dúró, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Tábìlì méjì ló ń wò mí. Mo jókòó padà. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ ohun tí mò ń wá. Kì í ṣe ọ̀rẹ́ lásán, nítorí mo ní ọ̀rẹ́. Ẹnì kan péré ni mò ń wá, tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi, tí mo lè sọ fún pé, “Wo ohun tí mo rí lónìí,” tí òun náà á sì pariwo pé, “Ha!” nítorí pé ó yé e.

Ọmọ mi obìnrin ló gbà mí nímọ̀ràn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, orí fóònù la ti máa ń rí ara wa lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú.

“Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò lọ wá àwọn èèyàn yín lórí ayélujára? Àwọn tó ń kọ kóòdù pọ̀ níbẹ̀ bí nǹkan míì. Ẹ kàn fólò àwọn tó dáa, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ àwọn tó dáa?”

“Ẹ ẹ̀ rí nǹkan! Ẹ wo àwọn tí èrò pọ̀ lẹ́yìn wọn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, ṣíbí lọ́wọ́ kan, fóònù lọ́wọ́ kejì. Hẹ̀n, ojú mi rí nǹkan. Ọ̀kan wà tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba èèyàn ń tẹ̀ lé, àwòrán tábìlì rẹ̀ nìkan ló máa ń gbé síta, pẹ̀lú iná pupa àti iná aláwọ̀ aró. Mo ṣọ́ ọ fún oṣù méjì, n kò rí ìlà kóòdù kan ṣoṣo. Òmíràn a máa jí láràárọ̀ kọ ohun mẹ́wàá tó yẹ kí èèyàn mọ̀ kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ńkọ́? Ẹnì kan tún ń pariwo ní gbogbo ọjọ́ Ajé pé iṣẹ́ wa máa kú kí ọdún tó parí, òun kan náà ló sì ń ta ẹ̀kọ́ tí èèyàn fi lè kọ́ iṣẹ́ tó ń kú lọ náà. Mo dojú fóònù délẹ̀. Oúnjẹ mi ti tutù.

Nígbà tó yá, mo ṣe òfin kan fún ara mi. Ẹni tí mo bá máa tẹ̀ lé gbọ́dọ̀ ti sọ láàárín oṣù kan pé “n kò mọ̀” tàbí “mo ṣe àṣìṣe.” Nítorí ẹni tó bá ń kọ kóòdù lóòótọ́ kò lè lo ọ̀sẹ̀ méjì kó má ṣe àṣìṣe, bí kò bá sì sọ ọ́, irọ́ ló ń pa. Mo yẹ èèyàn tó lé ní igba wò. Mẹ́fà ló yege. Mo tẹ̀ lé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà.

“Ìyá Kọ̀ǹpútà, ẹ fẹ́ fi wá sílẹ̀, àbí?”

“Kí ló dé, sà?”

“Mo rí i lórí fóònù mi pé ẹ ń fólò àwọn oníkọ̀ǹpútà ìta kiri. Ṣé iṣẹ́ lẹ ń wá ni?”

Mo ṣàlàyé títí. Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo ilé àyẹ̀wò ti gbọ́ pé mò ń lọ. Obìnrin tó ń gba ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aláìsàn tiẹ̀ sáré wá bi mí pé ta ló máa wá máa yọ pépà nínú pírìntà. Kò sọ pé òun á ṣàárò mi o. Ó dùn mí, n kò ní purọ́.

Mo bá yọ gbogbo wọn kúrò. Lórí ìkànnì náà, èèyàn lè to orúkọ jọ sínú ìwé ìkọ̀kọ̀ kan: á máa rí gbogbo ohun tí wọ́n bá kọ, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀, àwọn tó tò síbẹ̀ gan-an ò ní mọ̀. Mo kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sínú ìwé yẹn. Mo rò pé mo gbọ́n.

Inú ìwé ìkọ̀kọ̀ yẹn ni mo fi Kò-Tíì-Parí sí, nígbà tí mo rí i lóṣù tó tẹ̀ lé e. Orúkọ tó fún ara rẹ̀ nìyẹn. Kò gbé àwòrán ojú rẹ̀ síbẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àgbà tàbí ọ̀dọ́. Ó ń kọ ètò kékeré kan tí gbogbo ayé lè mú lò lọ́fẹ̀ẹ́, fún títo ọjọ́ ìbí àwọn tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kà níbẹ̀ ni pé: “Mo ṣe àṣìṣe. Ètò mi gbà pé gbogbo ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n bí i. Mo ti bí odindi ìlú kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo.”

Mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tó ń nu ilẹ̀ yọjú wò mí. Ètò tèmi náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti gbogbo ọdún yìí wá! Àwọn bàbá àti ìyá arúgbó tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí wọ́n tún jọ ní ọjọ́ ìbí kan náà, ni mo máa ń fi ọwọ́ yà sọ́tọ̀ ní ọjọ́ Ajé gbogbo. Mo mú ètò Kò-Tíì-Parí, mo so ó mọ́ tèmi. Ìyà ọjọ́ Ajé parí.

Fún oṣù mẹ́jọ, n kò fo ọjọ́ kan. Bí mo bá ti dé ibi iṣẹ́, kí n tó tan kọ̀ǹpútà, màá ka ohun tó kọ. Mo sì máa ń dá a lóhùn, pẹ̀lú ẹnu mi, nínú yàrá mi. Ó kọ lọ́jọ́ kan pé òun ò mọ ibi tí òun máa to àwọn tó mọ ọdún ìbí wọn ṣùgbọ́n tí wọn ò mọ oṣù. Mo sọ fún tábìlì mi pé, “Yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o tò wọ́n ṣíwájú àwọn tó kù lọ́dún yẹn.” Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó fúnra rẹ̀ rí i. Ariwo “Ha!” tí mo pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀.

Kí ló dé tí n kò jẹ́ kí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀? Ìtìjú wà nínú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sòótọ́, ìgbéraga náà wà nínú ẹ̀. Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí màá bá a sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ gidi, kó mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ òun ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Mò ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó kọ báyìí: “Ọdún méjì rèé tí mo ti ń kọ nǹkan síbí. Mo wo iye àwọn tó ń tẹ̀ lé mi. Mọ́kànlá ni. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń ta ọjà. Ṣé ẹnikẹ́ni tiẹ̀ ń lo ètò yìí? Bí ẹ bá wà níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ̀rọ̀.”

Mo fi oúnjẹ sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì. Mo kọ ọ́, ó gùn jù, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, ó dà bíi lẹ́tà ìwáṣẹ́, mo pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wá dára: mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sọ nípa ìgò ẹ̀jẹ̀, mo sọ ibi kan tí ètò rẹ̀ ti lè yára sí i. Ó ku kí n tẹ̀ ẹ́ kó lọ.

Ní báyìí, ẹ gbọ́ ìwà òmùgọ̀ mi. Nídìí iṣẹ́ wa, a kì í gbé nǹkan tuntun jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe lópin ọ̀sẹ̀? Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi pa òfin yẹn mọ́, ó ti wọ̀ mí lẹ́jẹ̀. Mo wo èsì náà, mo ní jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé, kí n fi ojú tuntun kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Bíi pé kóòdù ni. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo relé.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọmọ mi bi mí bóyá mo ti rí èèyàn.

“Mo ti rí ẹnì kan. Lọ́la ni màá bá a sọ̀rọ̀.”

“Lọ́la kẹ̀? Ìgbà wo lẹ ti rí i?”

“Ó ti tó oṣù mẹ́jọ.”

“Mọ́mì,” ó ní, “ẹ̀yin lẹ ń ṣe ara yín o.”

Nígbà tí mo dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, Kò-Tíì-Parí kò sí mọ́. Orúkọ mẹ́fà ló kù nínú ìwé ìkọ̀kọ̀ mi. Mo fi orúkọ rẹ̀ wá a, ìkànnì náà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo fọwọ́ lẹ́rán. Lẹ́yìn náà mo sunkún, mo ti ilẹ̀kùn kí wọ́n má bàa rí mi.

Ètò rẹ̀ ṣì wà ní ibi tí àwa tó ń kọ kóòdù máa ń kó iṣẹ́ wa sí. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èèyàn lè kọ lẹ́tà sí níbẹ̀. Ibi kan ṣoṣo tí ẹnu gbà ni ibi tí wọ́n ti ń fi ẹjọ́ sùn pé nǹkan bàjẹ́, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n sì máa ń bi èèyàn. Mo dáhùn wọn.

Kí ló bàjẹ́? Mo kọ pé: “Kò sóhun tó bàjẹ́. Ètò yín dára. Igba aláìsàn ló ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lójúmọ́ níbi tí mo wà.”

Kí lẹ retí pé kó ṣẹlẹ̀? “Mo retí pé màá bá yín lọ́jọ́ Ajé.”

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? “Mo pẹ́. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi ń ka ọ̀rọ̀ yín láràárọ̀, n kò jẹ́ kí ẹ mọ̀. Èmi lẹni kejìlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.”

Mo tẹ̀ ẹ́, ó lọ. N kò kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo fi ń wo ibẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, èsì dé. Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó ṣí i.

“Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin ará mi. Ọ̀rọ̀ yín mú inú mi dùn. Mo ti gba iṣẹ́ mìíràn tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú, n kò sì ní padà. Níwọ̀n bí ẹ ti ń lò ó, mo ti fi yín ṣe alábòójútó ètò náà. Ó ti di tiyín. Ó dàbọ̀.”

Mo wo òkè ojú ewé náà. Wọ́n ti yọ orúkọ rẹ̀, tèmi ló wà níbẹ̀, èmi nìkan. Èèyàn ni mo ní kí wọ́n fún mi, iṣẹ́ ni wọ́n fún mi. Lábẹ́ lẹ́tà mi, ó ti fi àmì tí a máa ń fi sí ẹjọ́ tó ti parí síbẹ̀: Ó ti yanjú.

Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣí ẹjọ́ tí kò tíì yanjú padà. Alábòójútó nìkan ló lè tẹ̀ ẹ́. Ẹnì kan kanlẹ̀kùn, ó ní pépà ti há. Mo ní kó dúró ná. Mo ṣí ẹjọ́ náà padà, mo sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.